Ta Ló Wẹ Ìbọn Nadine?

"Kàá!"

Báyìí ni irin ṣe lu irin lórí tábìlì bàbá Darla Pruitt, ní ọjà ìbọn àtijọ́ tí wọ́n ń ná ní ìlú Tulsa. Darla fò sókè lórí àga bí ẹni tí wọ́n gbá ọmọ rẹ̀ létí.

Ọkùnrin gíga kan ló dúró níwájú tábìlì náà. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn ìbọn ìléwọ́ bàbá Darla dání, irú èyí tí ilé ọta rẹ̀ máa ń yí bírí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ kan ṣoṣo ju ilé ọta náà padà sí àyè rẹ̀ ni, bí àwọn òṣèré ṣe máa ń ṣe é nínú sinimá. Ó tún wá ń rẹ́rìn-ín!

"Gbé e sílẹ̀," ni Darla wí.

"Ẹ má bínú, mà."

"Mà wo? Ṣé mo ti darúgbó lójú ẹ ni? Gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ta ló kọ́ ẹ nírú ìyẹn?"

"Sinimá ni."

"Sinimá! Bó bá bàjẹ́ nínú sinimá, wọ́n á lọ mú òmíràn wá. Èyí tó o ń jù bí igi lásán yẹn ti dàgbà ju ìyá ìyá ẹ lọ. Ṣé bó o ṣe máa ń jù wọ́n nílé yín nìyẹn?"

Ọkùnrin náà wo ìbọn náà, ó wo Darla, ojú sì tì í débi pé etí rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Darla lójijì. Kò mọ ìdí tó fi na ọwọ́ sí i.

"Wò ó. Ọwọ́ méjì la fi ń pa á dé. Fi àtàńpàkò tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tó o bá ń ti ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ìkókó ń sùn sí."

Ọkùnrin náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ọta wọlé láìdún. Ó bá tẹ orí sún mọ́ Darla, ó rọra béèrè pé:

"Ṣé ọmọ náà kò jí?"

Darla kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Hoyt bàbá rẹ̀, tó ń nu ìbọn mìíràn ní ìkángun tábìlì, kò gbójú sókè. Orúkọ ọkùnrin náà ni Wendell Skaggs, nígbà tó sì fi máa lọ, ọkàn Darla ti bá a lọ díẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi padà dé pẹ̀lú tíì oníyìnyín nínú ife méjì.

"Kí lo tún wá wò?" ni Hoyt béèrè.

Wendell wo tábìlì náà yíká, ó ń wá ohun tó máa nàka sí. Ní àárín gbùngbùn, lórí aṣọ pupa kan, ìbọn ìléwọ́ kan wà tó ti di aláwọ̀ ilẹ̀ pátápátá, bí ife tí tíì bá gbẹ sí. Àyíká rẹ̀ ní àlàfo, bí ẹni pé àwọn ìbọn yòókù ń bọ̀wọ̀ fún un.

"Eléyìí, sà."

"Ìyẹn kì í ṣe títà."

"Ìbọn màmá mi ni," ni Darla sọ. "Bàbá bàbá Dádì ló rà á, ṣùgbọ́n ọwọ́ Màmá ló wà títí wọ́n fi kú. Nadine lorúkọ wọn. Lórí àga tí mo jókòó sí yìí ni wọ́n máa ń wà ní gbogbo ọjà, wọ́n á mú un dání látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n á máa sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹni tó bá dúró."

"Ìbọn Nadine," ni Wendell wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kí èèyàn.

Láti tábìlì tó kọjú sí tiwọn, Orville Tidmore, ọ̀rẹ́ Hoyt àti alátakò rẹ̀ láti ìgbà èwe, ké sí wọn: "Hoyt! Ọmọkùnrin yẹn kò wá ra ìbọn o! Fi ọmọ rẹ pamọ́!"

Ojú ti Darla. Àmọ́ kí ọjà tó tú, Wendell ti mọ ibi tí ilé wọn wà ní ìlú Claremore.

*

Ìfẹ́ wọn dùn bí páì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Lọ́jọ́ Ẹtì, Wendell á gbé alùpùpù rẹ̀ wá, Darla á di í mú níkùn, wọ́n á lọ jẹ ẹja díndín pẹ̀lú búrẹ́dì àgbàdo létí odò. Wendell máa ń pè é ní "ìmọ́lẹ̀ mi." Darla á sọ pé òun kì í ṣe iná, ṣùgbọ́n bí ó bá dé ilé, á máa pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú dígí.

Iṣẹ́ Wendell ló bí bàbá Darla nínú. Ní ìlú Sapulpa, ó ní ṣọ́ọ̀bù kan níbi tó ti ń gba alùpùpù ogbó lọ́wọ́ èèyàn. Á fi sáńpépà ha ìdóògún ara wọn dànù, á sì fi ẹ̀rọ dán irin wọn títí èèyàn á fi lè ka eyín ara rẹ̀ nínú wọn.

"Ọkùnrin tí kò lè rí ohun àtijọ́ kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà!" ni Hoyt wí nídìí oúnjẹ alẹ́. "Bí èmi náà bá hu ìdóògún ńkọ́? Ṣé á ha èmi náà ni?"

"Ó yẹ kí ẹnì kan ha ẹ́ o," ni Àǹtí Lavonne dáhùn. Àbúrò Hoyt ni, kò sì bẹ̀rù rẹ̀. "Ọmọ náà ń kí èèyàn dáadáa. Ó ń jẹ ẹ̀wà mi láì yọ àlùbọ́sà. Kí lo tún ń fẹ́?"

"Mo fẹ́ ẹni tó mọ iyì ohun tó ti gbó."

"Dádì," ni Darla wí, "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Hoyt gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. "Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dun mí. Tí mo bá sọ pé rárá, wàá sunkún. Tí mo bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni màá sunkún."

Kò sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọ̀rọ̀ wá rí báyìí títí òtútù fi dé.

Yìnyín ló gbé Hoyt ṣubú ní ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Wendell ló wakọ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn. Òun náà ló ń jókòó tì í nígbà tí Darla bá lọ sí ibi iṣẹ́. Ó ń fá irùngbọ̀n fún un. Ó ń gba èébú rẹ̀ mọ́ra. Nígbà tó yá, Darla bá wọn lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń fi Orville Tidmore rẹ́rìn-ín, ó sì ní láti padà síta kó lọ nu ojú rẹ̀ nítorí ayọ̀.

Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ ni Hoyt, tí oorun oògùn ń kùn, dédé sọ pé:

"Ìbọn Nadine... Ì bá wù mí kí n rí i lẹ́ẹ̀kan péré, bí bàbá bàbá mi ṣe rí i lọ́jọ́ tó rà á. Tuntun. Tó ń dán."

"Ẹ sùn, Dádì," ni Darla wí, ó tún bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe. Lójú tirẹ̀, àlá ni bàbá rẹ̀ ń lá.

Wendell, tó dúró tì wọ́n, wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Hoyt padà sílé, Wendell béèrè bóyá òun lè bá wọn fi òróró nu àwọn ìbọn, bí Hoyt ṣe máa ń ṣe é. Darla fún un ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì fi ẹnu kò ó lẹ́nu. Ó rò ó lọ́kàn pé kò sí ọkùnrin tó dára tó èyí láyé. Ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ilé ọta dé ni Darla ti kọ́ ọ. Ó ti kọ́ ọ pé kó tọrọ àyè kó tó fọwọ́ kan ìbọn oníbọn. Ẹ̀kọ́ tó ju gbogbo wọn lọ ni kò kọ́ ọ, nítorí inú ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n bí Darla sí. Kò mọ̀ pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

*

Lọ́jọ́ tí Hoyt fi ọ̀pá rìn wọlé, Àǹtí Lavonne ti se ẹran, Wendell sì dúró nídìí tábìlì, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ohun kan wà níwájú rẹ̀ lábẹ́ aṣọ pupa.

"Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, sà," ni ó wí. "Mo fẹ́ tọrọ ọwọ́ Darla lọ́wọ́ yín. Mi ò lówó. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ohun kan tó wù yín, mo sì bá yín ṣe é."

Ó ṣí aṣọ náà.

Ìbọn Nadine ń kọ mànà. Gbogbo àwọ̀ ilẹ̀ ara rẹ̀ ti lọ. Irin rẹ̀ dúdú, ó sì ń tàn bí ọrùn ẹyẹ ìwò nínú oòrùn. Kò sí ojú àpá kan, kò sí ìlà kan. Ẹni tí kò bá mọ̀, á sọ pé kò sí ohun tó rẹwà tó o láyé.

Darla rí i bí ojú bàbá rẹ̀ ṣe funfun.

"Ta ló wẹ̀ ẹ́?" Ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé.

"Èmi ni, sà. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ rí i bí..."

"Òógùn ọwọ́ ìyàwó mi ló wà lára irin yẹn." Hoyt di tábìlì mú. "Òjò tó pa bàbá bàbá mi wà níbẹ̀. Àwọ̀ yẹn ni ọjọ́ orí rẹ̀. A kì í... ẹnikẹ́ni nínú wa kì í ha á kúrò. Ọmọ tó ń rákò nínú ilé wa mọ̀ pé a kì í ha á! Kò sí ẹni tó lè dá a padà láéláé. Ọlọ́run mi, Nadine!"

Ó jókòó, ó sì sunkún. Darla kò rí i kí bàbá rẹ̀ sunkún rí, àfi lójú sàréè.

Wendell wo Darla bíi pé kí ó bá òun bẹ bàbá rẹ̀. "Darla. Ìmọ́lẹ̀ mi, mi ò mọ̀."

Darla wo ìbọn náà. Ìyá rẹ̀ ló rí lọ́kàn, lórí àga ọjà, tó mú ìbọn náà dání, tó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn èèyàn.

"Ìbọn Màmá mi, Wendell," ni ó wí. "Jọ̀ọ́, máa lọ. Máa lọ."

Wendell lọ. Wọ́n gbọ́ ohùn alùpùpù rẹ̀ títí kò fi dún mọ́.

*

Darla jẹ́ èèyàn tó lè ṣiṣẹ́ bí ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ fọ́, nítorí náà ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀. Bí alùpùpù bá kọjá níta, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí ohun tó ń ṣe.

"O lé e lọ nítorí irin," ni Àǹtí Lavonne sọ fún un níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́.

"Kì í ṣe irin lásán, Àǹtí."

"Mo mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni Nadine kó tó di ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Tó bá wà láàyè, á kọ́kọ́ pariwo, á sì tún bu ẹ̀wà fún ọmọ náà."

Hoyt ní tirẹ̀ kò fẹ́ rí ìbọn náà sójú. Aṣọ ni wọ́n fi bò ó. Nígbà tí ọjà Tulsa ti ìgbà ìrúwé sún mọ́lé, ó ní kí Darla gbé e lọ sínú àpótí òkè àjà. "Kí Orville má rí i láéláé. Kàkà kí ó rí i, kí ilẹ̀ là kó gbé mi mì."

Darla wọ yàrá lọ. Ó di ojú rẹ̀, nítorí kò fẹ́ rí dídán yẹn, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó sì mú ìbọn náà ní èèkù.

Àtàńpàkò rẹ̀ bọ́ sínú kòtò kékeré kan.

Ó dúró gbagidi. Ó mọ kòtò yẹn. Nígbà tó wà lọ́mọdé, orí itan ìyá rẹ̀ ló ti máa ń wò ó: bí Nadine bá ti jókòó lọ́jà, tí kò sí oníbàárà, àtàńpàkò rẹ̀ á máa lọ, á máa bọ̀ lórí igi èèkù náà, ní ojú kan náà, lọ́dọọdún, títí ibẹ̀ fi jìn wọlé bí ṣíbí.

Ó la ojú. Irin náà dán gbinrin. Ṣùgbọ́n igi èèkù rẹ̀ dúdú bó ṣe wà, ó gbó, ó ní ìlà, kò sí ẹni tó ha á.

"Dádì!" Ó sáré wọ pálọ̀. "Ẹ di ojú yín."

"Kí ló tún dé?"

"Ẹ ṣáà di ojú yín, kí ẹ mú un."

Hoyt mú un. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ le. Lẹ́yìn náà, àtàńpàkò rẹ̀ rí ibẹ̀. Darla wo ojú bàbá rẹ̀ bó ṣe ń yọ́, díẹ̀díẹ̀, bí yìnyín létí ilé.

"Ó wà níbẹ̀," ni ó wí, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Ó ṣì wà níbẹ̀." Ó la ojú, ó wo irin náà. "Ọmọkùnrin yẹn ha gbogbo irin. Kí ló dé tí kò fi ha igi?"

"Mi ò mọ̀, Dádì."

"Lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀."

*

Wendell ti rù. Eruku irin wà lára ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí Darla wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì yára pa ẹ̀rọ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè.

"Dádì ní kí n béèrè nǹkan kan. Kí ló dé tó ò fi fọwọ́ kan igi èèkù yẹn?"

Wendell bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Mo fẹ́ ha á o. Mi ò ní parọ́ fún ẹ. Mo ti mú sáńpépà dání. Mo wá fi ọwọ́ kejì dì í mú, àtàńpàkò mi bá bọ́ sínú ibì kan." Ó na ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó ń wò ó. "Ó dà bíi pé èèyàn kan ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Mi ò mọ ẹni náà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tí mo bá ha á, mo ti lé e jáde nìyẹn. Mo bá gbé sáńpépà sílẹ̀."

Omi bọ́ lójú Darla. "Màmá mi ni."

"Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni irin náà rí. Mi ò lè dá a padà, Darla. Mo máa ń lá àlá rẹ̀."

"Èmi ni mi ò sọ fún ẹ. Èmi ló yẹ kó sọ ọ́. Mo lé ẹ lọ nítorí ohun tí mi ò kọ́ ẹ." Ó di aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mú, pẹ̀lú gbogbo eruku rẹ̀. "Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, Wendell Skaggs. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi mọ́."

"Ẹnu èmi náà ti gbàgbé ìtọ́wò," ni ó wí, ó sì gbá a mọ́ra. Ṣùgbọ́n ó mi orí. "Bàbá ẹ ńkọ́? Mi ò ní mú ẹ jáde nílé wọn bí ẹni jí èèyàn gbé. Tí wọn ò bá fi ẹnu ara wọn sọ pé kí n wọlé, ìta ni màá wà."

"Wá sí Tulsa," ni Darla wí. Ohun tó mọ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Nígbà tó ròyìn fún bàbá rẹ̀ nílé, Hoyt gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó sì lọ sùn.

*

Ọjà kún. Darla ń tẹ́ tábìlì. Bàbá rẹ̀ fi ọ̀pá rìn dé, ó gbé aṣọ pupa lé àárín tábìlì bó ṣe máa ń ṣe, ó ti ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó sì gbé ìbọn Nadine sórí rẹ̀. Ní gbangba. Gbogbo dídán rẹ̀ ń tàn yanran lábẹ́ iná.

"Dádì," ni Darla rọra wí. "Orville ń bọ̀."

"Mo rí i. Ojú ọ̀nà kéré fún ikùn rẹ̀."

Orville Tidmore dé, ó wò, ó sì yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò.

"Háà! Hoyt!" Ó pariwo débi pé àwọn tábìlì ẹ̀gbẹ́ yíjú. "Ẹ wá wò ó o! Ta ló wẹ ìbọn Nadine? Ṣé wọ́n fi ọṣẹ sí i ni? Ṣé wọ́n pa á ní pàùdà?"

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá. Àwọn kan ń mi orí, ẹ̀rín sì ń pa àwọn mìíràn. Ní ẹ̀yìn gbogbo wọn, Darla rí Wendell, ó mú tíì oníyìnyín ife méjì dání, ojú rẹ̀ ti funfun. Ó ti gbọ́. Ó yí ẹsẹ̀ padà láti lọ.

Hoyt Pruitt, tí kò sí ẹni tó bú ìbọn rẹ̀ rí ní gbogbo Tulsa, di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dìde dúró.

"Ọkọ ọmọ mi ló wẹ̀ ẹ́," ni ó wí, ó sì jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́.

Gbogbo wọn yíjú sí Hoyt.

"Ọkọ ọmọ ẹ?" ni Orville wí. "Ó ṣe ìyẹn, ó sì ṣì wà láàyè?"

"Ohun tí kò dára ni. Èmi náà mọ̀, òun náà mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi tí Nadine wà, ó dá ọwọ́ dúró, kò sì sí ẹni tó sọ fún un. Bó o bá tún rẹ́rìn-ín, Orville, màá sọ fún gbogbo ayé nípa ìbọn ayédèrú tí wọ́n tà fún ẹ ní Dallas."

Orville pa ẹnu dé. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí Hoyt, wọ́n sì gbọn ọwọ́ ara wọn.

"Ìwọ tó ń sá lọ yẹn," ni Hoyt ké. "Wọlé wá. Jókòó síbí."

Àga Nadine ló ń na ọ̀pá sí.

Wendell wá, ó rọra jókòó bí ẹni tó jókòó lórí ẹyin. Darla gba tíì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó ti ń dà á sílẹ̀. Hoyt gbé ìbọn náà lé e lọ́wọ́.

"Sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi àtàńpàkò."

Wendell ṣí ilé ọta, ó fi hàn wọ́n pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó fi àtàńpàkò tì í wọlé, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Kò dún rárá.

Hoyt tẹ orí sún mọ́ ọn.

"Ṣé ọmọ náà kò jí?"

Darla yí padà. Ẹkún àti ẹ̀rín jọ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Dádì! Ẹ gbọ́ wa lọ́jọ́ yẹn?"

"Ìbàdí mi ló kán, etí mi kò di. Látọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé mo ti pàdánù ẹ." Ó mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì gbé e lé èjìká Wendell. "Ẹ mú ọjọ́ ìgbéyàwó tó bá wù yín. Kó má ṣáà bọ́ sí ọjọ́ ọjà o, nítorí mi ò ní wá."